Má tíì ta báàsì onífírẹ́ẹ̀tì wíwọ́ yẹn

Àbúrò, mo ti ka ohun tí o kọ. O ní o ra gìtá báàsì olókùn márùn-ún tí fírẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, okùn B rẹ̀ tó nípọn jù gùn tó íńṣì 37, okùn G tó tínrín jù jẹ́ 34. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ọwọ́ òsì ń dùn ọ́, ìka rẹ ń ṣì í tẹ̀, àwọn akọrin sì ti ń wẹ̀yìn wò ọ́. O wá ń béèrè bóyá kí o tà á kí o padà sídìí ti tẹ́lẹ̀.

Ó ti ṣe mí rí, ní Ìkòròdú níbí. Tèmi tilẹ̀ le ju tìrẹ lọ.

Tòkunbọ̀ ni tèmi. Ẹnìkan tó ń bọ̀ láti Kánádà ló bá mi gbé e wá níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Agric, ìyá ẹgbẹ́ akọrin wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló jókòó lé e?" Ọ̀gá kan tó ń tún gìtá ṣe ládùúgbò tún ní kí n san owó kí òun bá mi na àwọn fírẹ́ẹ̀tì náà kí wọ́n tọ́. Ọlọ́run ló yọ mí, kò sówó lápò mi lọ́jọ́ yẹn.

Àṣìṣe mi ni pé mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ̀ ọ́n. Àìsùn ìparí ọdún dé. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ti dúró sídìí rẹ̀. Nígbà tó di orin ìyìn, onikíbọ́ọ̀dù wa gbé wa lọ sí kíì D-flat, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìwọ náà mọ ibi tí D-flat wà: fírẹ́ẹ̀tì kejì lórí okùn B, fírẹ́ẹ̀tì kẹrin lórí okùn A. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń na ọwọ́ láàárín méjèèjì. Nígbà tí àwọn èèyàn fi ń dì mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń kígbe ẹ kú ọdún, n kò lè ká àtàńpàkò òsì mọ́, ìka kékeré sì ti kú bí igi. Omi inú ike tí wọ́n gbé fún mi, ọmọ ẹlòmíì ló bá mi ṣí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi fọwọ́ kan gìtá.

Lákòókò ìsinmi yẹn ni mo mú rúlà. Lórí báàsì 34 tí gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́, láti fírẹ́ẹ̀tì kìíní dé ìkẹrin jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13. Lórí okùn B tó jẹ́ 37, ó lé díẹ̀ ní 14. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ni ìyàtọ̀ wọn! Àmọ́ ọwọ́ tó ti ya dé òpin agbára rẹ̀ ni a tún ń bu sẹ̀ǹtímítà kan lé lórí, láìmọye ìgbà lálẹ́ ọjọ́ kan. Wíwọ́ fírẹ́ẹ̀tì kọ́ ló pa mí lára. Gígùn ni, àti ìwà tí mo kó wá láti ìdí gìtá tó kúrú: ìka kan fún fírẹ́ẹ̀tì kan, àti àtàńpàkò tó ń yọrí lókè ọrùn gìtá bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.

Torí náà, àtàńpàkò ni kí o kọ́kọ́ bá wí. Jẹ́ kó wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, láàárín, ní ọ̀kánkán ìka àárín, kó kàn fara tì í. Ohun tí mo fi wo tèmi sàn ni pé mo máa ń gbé àtàńpàkò kúrò pátápátá. Apá ọ̀tún ni mo fi ń tẹ ara gìtá mọ́ àyà, tí mo wá ń lu orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan láìsí àtàńpàkò rárá. Ó máa ń rí bí ẹni ń wakọ̀ láìsí bíréèkì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́rin, ọwọ́ á rí i pé agbára tí òun ń lò ti pọ̀ ju ohun tí okùn ń béèrè lọ.

Lẹ́yìn náà, fi ìka mẹ́rin fún fírẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sílẹ̀ nítòsí orí gìtá. Àwọn tó ń lu báàsì ńlá àdúrólù ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí bàbá wa, torí okùn tiwọn gùn ju íńṣì 40 lọ. Ìlànà tí wọ́n ń pè mọ́ orúkọ Franz Simandl, olùkọ́ báàsì ńlá kan láyé àtijọ́, ni wọ́n ń lò: ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín, ìka kékeré, kí ìka òrùka ti kékeré lẹ́yìn. Ààyè fírẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ọwọ́ máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Tí orin bá fẹ́ ìkẹrin, gbogbo ọwọ́ ni kó ṣí lọ, kì í ṣe kí ìka nìkan na. Láti fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún lọ sókè, padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Okùn èjìká ńkọ́? Fà á sókè. Mo mọ̀ pé àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn kí báàsì rọ̀ wálẹ̀ dé orúnkún, ó máa ń rẹwà lójú kámẹ́rà. Pẹ̀lú 37, ọrùn ọwọ́ rẹ ló máa san owó oge yẹn. Jẹ́ kí orí gìtá ga tó èjìká, kó dagun díẹ̀. Fírẹ́ẹ̀tì kìíní á súnmọ́ ọ. Bí o bá jókòó, itan òsì ni kí o gbé e lé.

Ní ti wíwọ́ náà, wò ó dáadáa: fírẹ́ẹ̀tì kan wà tó dúró ṣánṣán. Lórí tèmi, ìkeje ni. Láti ibẹ̀ lọ sí apá orí gìtá, ẹ̀gbẹ́ B ń fì sọ́dọ̀ orí. Láti ibẹ̀ wá sí apá ara gìtá, ó ń fì sọ́dọ̀ bíríìjì, ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá. Na apá òsì rẹ bí ẹni fẹ́ tẹ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí o wo bí ìka ṣe dúró. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí fírẹ́ẹ̀tì ṣe wọ́. N kò ní parọ́ fún ọ nípa ibi gíga o: tí o bá fẹ́ tẹ kọ́ọ̀dù lókè ìkejìlá, ìjà wà níbẹ̀. Èmi ò tíì borí rẹ̀ tán.

Ojú ni ọ̀dàlẹ̀ tó kù. Tí o bá ń wo fírẹ́ẹ̀tì látòkè, bó ṣe fì yẹn á tàn ọ́, wàá tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o fẹ́. Àwọn àmì kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá ni kí o máa wò, tàbí kí o má wo nǹkan kan. Èmi, àwọn tó ń mú iná lọ ló kọ́ mi. Oṣù Kejì ọdún yẹn, iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Inú òkùnkùn ni mo ti ń lu orin ìyìn láìsí ámpù, etí nìkan ló ń bá mi ṣọ́ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìka ti mọlé. Fi báàsì àtijọ́ sínú àpò rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè máa gbé méjèèjì láìsí ìjọ̀gbọ̀n. Ogún ìṣẹ́jú, sinmi, ogún ìṣẹ́jú. Kí ẹran apá rẹ̀ ọ́, kò burú; tí ìka bá ń kú tàbí tí nǹkan bá ń ta ọ́ lọ́rùn ọwọ́, gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ṣe àárín orin ni. Èmi ò gbé e kalẹ̀.

O tún béèrè pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún. Ṣí ìdérí dùùrù ńlá wò: okùn ohùn ìsàlẹ̀ gùn gbọọrọ, ti òkè kúrú. Kò sẹ́ni tó ń bi dùùrù pé èé ṣe. Ralph Novak tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) sórí irú fírẹ́ẹ̀tì yìí ní 1989, Sheldon Dingwall, oníṣẹ́ gìtá ní Kánádà, sì gbé e wọ inú báàsì, títí dé 37 yìí. Okùn B tí a kò tẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, E ní 41. Ọ̀pọ̀ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa kò lè sọ 31 yẹn jáde. Ohùn kejì tó ń bá a jáde lókè rẹ̀, nǹkan bí 62, ni etí ń gbọ́ jù. Tí okùn bá kúrú tó sì nípọn, àwọn ohùn òkè yẹn á ṣáko díẹ̀, B á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Tó bá gùn, ó lè tínrín kó sì le bákan náà: ibi tí okùn tó nípọn tó 130 (ìdá ẹgbẹ̀rún íńṣì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) ti wà lórí 34, nǹkan bí 120 ti tó lórí 37. Ìdí nìyẹn tí B tìrẹ fi ń sọ̀rọ̀ ketekete.

Owó okùn ni mo tún fi ṣòfò. Okùn báàsì gbogbogbòò ni mo rà. Ibi tó nípọn lára B parí kó tó dé nut, ibi tí okùn ń gbà kọjá lẹ́bàá orí gìtá, apá tínrín ló wá bọ́ sórí fírẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ sì kú. Wọn gígùn ibi tó nípọn kí o tó sanwó. Ra méjì tí o bá rí i, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa yìí ń jẹ okùn.

Àpò báàsì lásán kò ní gbà á, o ti mọ ìyẹn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ní Sábó ní kí n san owó èèyàn méjì. Mo bá a jà, mo sì san án.

Fún un ní oṣù méjì. Bí ọwọ́ bá ṣì kọ̀, iléeṣẹ́ Ibanez ní èyí tó jẹ́ íńṣì 35 sí 33, ó rọrùn púpọ̀, B rẹ̀ kò sì burú. Tó bá wá di dandan kí o ta 37 yẹn, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Ọmọkùnrin kan wà ní Ìgbógbó tó ń yọ mí lẹ́nu lórí tèmi, èmi ò sì ní tà á fún un.