Kì í ṣe oru omi lásán ni véèpù ń tú jáde

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ mi ọkùnrin tí ó wà ní FUTA ń fa véèpù, sìgá oníbátìrì yẹn. Ó ní oru omi olóòórùn èso lásán ni, àti pé kò ní nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ń di bárakú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi yẹ omi inú rẹ̀ wò ní láàbù, kí ọkàn mi balẹ̀? (Ìyá kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, omi náà ṣeé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò omi nìkan kò tó láti fi yín lọ́kàn balẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ike nìkan ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tí ń ta nǹkan yìí fún ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ oru omi.

Propylene glycol àti gílísẹ́rìn, kẹ́míkà olómi méjì, ni ó pọ̀ jù nínú omi véèpù, kí wọ́n tó fi èròjà olóòórùn àti nikotíìnì sí i. Bí bátìrì bá ti mú wáyà inú rẹ̀ gbóná, púpọ̀ nínú omi náà á di ẹ̀kán wínníwínní tí ń fò nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n iná á tú díẹ̀ nínú rẹ̀ palẹ̀, á sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Formaldehyde, tí ó wà nínú fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì, wà lára ohun tí ń jáde; acetaldehyde ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Acrolein náà wà níbẹ̀, èyí tí ń ta ni lójú nígbà tí òróró bá jóná nínú agbada. Bí òwú inú rẹ̀ bá ti gbẹ tí wáyà sì gbóná jù, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Nickel, chromium àti òjé sì lè ti ara irin inú rẹ̀ bọ́ sínú èéfín náà.

Nítorí náà, èéfín gan-an ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ìlànà ISO 20768 ti 2018, ti àjọ tí ń ṣètò ìlànà lágbàáyé, ní kí ẹ̀rọ máa fa èéfín mílílítà 55 fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. A óò wá fi DNPH, kẹ́míkà kan tí ń so mọ́ wọn, mú formaldehyde àti àwọn ẹbí rẹ̀, a óò fi GC-MS, ẹ̀rọ tí ń ya èròjà sọ́tọ̀ tí ó sì ń dá wọn mọ̀, wá nikotíìnì, a óò sì fi ICP-MS, ẹ̀rọ tí ń wọn irin, wá àwọn irin. Ẹni tí ó bá ní òun yóò fi imú tàbí bébà kan dán an wò fún yín, ẹ má fún un lówó.

Ní ti ohun tí wọ́n kọ sára ike, ní 2009 àjọ FDA tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà rí nikotíìnì nínú àwọn kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní. Wọ́n tún rí diethylene glycol nínú ọ̀kan, májèlé kan náà tí ó pa àwọn ọmọ wa ní Nàìjíríà nínú oògùn eyín ọmọ ọwọ́ ní 2008 sí 2009.

Lóòótọ́, oró inú rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti sìgá, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mu sìgá rí kò ní èrè kankan nínú ìyẹn. Ẹ sọ fún un kí ó jáwọ́. Onímọ̀ kẹ́míkà ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú véèpù náà dání, ẹ má sì dúró de èsì láàbù kankan.