Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ ní bàbá àgbà yín ló dá ilé ìwòsàn ẹranko yín sílẹ̀, bàbá yín gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ti wá kàn yín báyìí, ẹ sì fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún ilé tiwa, díẹ̀ ló sì kù kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹbí oníṣègùn ẹranko tí kò ní ìtàn baba tó jí lóru lọ gbẹ̀bí màlúù nínú òjò. Òótọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un sọ ni ọdún ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹranko tó bá wọlé sí ni kí ẹ wá: ohun tó ṣe é, oògùn tí wọ́n fún un, bó ṣe parí.

Nínú tiwa, mo dé ojú ewé kan ní 1979. “Ajá, abo, oṣù mẹ́ta. Èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ó kú.” Ìlà tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìsàlẹ̀ ewé, àmì ìbéèrè ló sì wà níbi tó yẹ kí orúkọ àìsàn wà. Parvo ni, àrùn ìfun tó máa ń pa ọmọ ajá. Kò tíì pẹ́ tí àrùn yẹn dé: 1978 ni wọ́n dá a mọ̀ lára ajá, nígbà tó sì fi máa di 1980 ó ti kárí ayé. Níwájú díẹ̀ nínú ìwé náà, mo rí i pé wọ́n ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ológbò. Ó yà mí lẹ́nu, àfìgbà tí bàbá mi ṣàlàyé pé àjẹsára parvo ti ajá gan-an ò tíì tẹ àwọn lọ́wọ́, pé kòkòrò àrùn ológbò kan jọ ọ́ gan-an, àjẹsára tiẹ̀ sì ń dáàbò bo ajá díẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ fún wa rí. Ìwé ló yọ ọ́ lẹ́nu wọn.

Ẹ tún wo ẹni tó ni ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ìyá mi ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa. Àwọn ló ń se sírínjì onígíláàsì nínú omi gbígbóná, àwọn ló ń dá àwọn tó ń pè lóru lóhùn, orúkọ wọn ò sì sí lára pátákó rí. Ibi tí ìjà ti fẹ́ bẹ́ nìyẹn: àwọn kan ní dókítà nìkan ni kí a kọ. Mi ò gbà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọdún, ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti rìsíìtì ni kí ẹ gbà gbọ́. Orúkọ àwọn tó ni ẹranko ò gbọ́dọ̀ jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, pàápàá ẹni tó máa ń di ẹranko mú, ẹ tètè wá wọn lọ kí ara wọn tó di ara àgbà jù. Kí ẹ sì tó gbé ìwé kankan kúrò níbi tó wà, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀, torí àwọn ìwé àtijọ́ yẹn ń já ní ẹ̀yìn, àwọn ewé tó ń jábọ́ ló sì máa ń sọnù.