Kí ẹ tó ra mixer: ọwọ́ ta ni páásíwọ̀ọ̀dù yín máa wà?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní obìnrin mọ́kànlá ni yín, aláró àti ọmọ iléèwé, pé ẹ fẹ́ dá rédíò tiyín sílẹ̀, tí yóò máa sọ̀rọ̀ obìnrin, fóònù, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọnà. Ẹ wá ń bèèrè irú mixer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀, àti máíìkì tí ẹ máa rà. Bí mo ṣe kà á ni inú mi ru, torí ìbéèrè tí àwa náà kọ́kọ́ bi ara wa n'Íbàdàn nìyẹn. Mixer oníhò 16 la rà. Ihò mẹ́ta la lò títí a fi tà á.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bèèrè ni ta ló máa mọ nǹkan náà lò.

A gba ẹnjiníà kan, ọmọ jẹ́jẹ́, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wa. Òun ló bá wa ra orúkọ sáìtì, òun ló ṣí Facebook wa, òun ló dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, òun náà ló to ètò tó ń gbé ohùn wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ímeèlì tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀ pátá. Àwa ń pariwo lórí afẹ́fẹ́ pé kí obìnrin má bẹ̀rù kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni a ò mọ bí wọ́n ṣe ń to èyí tó wà lórí tábìlì wa padà bí iná bá lọ tó dé. Òun la máa ń pè. Bí kò bá gbé e, kò sí rédíò lọ́jọ́ yẹn.

Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Ó ní a jẹ òun ní oṣù mẹ́ta, àwa ní oṣù kan ni. Mi ò ní purọ́, a jẹ̀bi níbẹ̀, torí a ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, mo wà nídìí máíìkì tí mò ń kí àwọn olùgbọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá já wọlé: "Àǹtí, ẹ sinmi, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí wọn ò ti gbọ́ yín mọ́." Ogún ìṣẹ́jú! Ògiri ni mo ń kí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, sáìtì ti lọ, Facebook ti lọ, ó ti yọ gbogbo wa kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí a pè ní tiwa.

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó àwọn ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ fún ọdún méjì, tí gbogbo wọn bá a lọ. Màmá kan wà nínú wọn, aláró àtijọ́, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. A gbé máíìkì sún mọ́ aṣọ tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí, ẹ ó máa gbọ́ ìyẹ́ náà bó ṣe ń ha aṣọ, ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́. Màmá á dúró, á mí kanlẹ̀, á ní, "Òpó Mápó rèé." Àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn ló ń yà, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí sí. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, tí àwọn obìnrin fi ìyẹ́ adìyẹ sọ di aṣọ. Mo ní kò burú, a ó lọ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Màmá ti kú ní oṣù méjì ṣáájú.

A lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ kọ́kọ́ bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ pé mo wá. Ó wá ní kí ni wọ́n jí. Mo ní ohùn ni. Ó ní, "Ohun wo?" Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ "ohun ìní" sínú ìwé. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà wà di òní.

Nítorí náà, ímeèlì ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣí ohun gbogbo. Kí obìnrin méjì mọ páásíwọ̀ọ̀dù, kí síìmù tó ń gba kóòdù wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Gbogbo ohùn tí ẹ bá gbà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú hard drive méjì ní ilé méjì. Ìyókù ò le: ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ kọ́ Audacity tí wọ́n fi ń gba ohùn tí wọ́n sì fi ń gé e lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé FM kékeré oníwáàtì 50 kò nílò ìwé àṣẹ, irọ́ ni. Kọnsọ́tánǹtì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ó sì ta transmitter, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sórí afẹ́fẹ́, fún wa. Inú páálí rẹ̀ ni eku ti jẹ wáyà rẹ̀. Abala 39 òfin ilẹ̀ wa ló ní, yàtọ̀ sí ìjọba, ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ nìkan ló lè dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. 2010 ni Jonathan kéde pé rédíò aráàlú máa rọrùn láti gbà, 2015 ni wọ́n tó fọwọ́ sí mẹ́tàdínlógún. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín. Òfin ò sì fún ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú láṣẹ, ẹ ṣọ́ ọwọ́ tí ẹ ti ń gba owó. WFM 91.7 tí Toun Okewale Sonaiya dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2015 fún obìnrin, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin FIRE, ẹgbẹ́ olórédíò kan ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1991 lórí shortwave, rédíò tó ń dé ọ̀nà jíjìn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó lọ nígbà tó yá.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ìyà tirẹ̀ o. 128 kbps, ìyẹn ìwọ̀n dáàtà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, la fi ń gbé ohùn tẹ́lẹ̀, tó ń jẹ bíi MB 58 ní wákàtí kan lórí fóònù olùgbọ́. Alátà wo ló fẹ́ fi dáàtà rẹ̀ gbọ́ èmi? Ní báyìí, ètò oníṣẹ́jú méjìlá la máa ń ṣe, 32 kbps, kò tó MB 3, WhatsApp ló ń gbé e káàkiri ọjà Bódìjà. Wọ́n sì ń fi voice note dá wa lóhùn, wọ́n tiẹ̀ ń bú wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì tiwa ti ń gbèsì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí obìnrin bá wá sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, yíyí orúkọ padà kò tó. Àbúrò ọkọ ni ó dá ẹnìkan mọ̀ lọ́dọ̀ wa, ikọ́ tó wú láàárín ọ̀rọ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ka ọ̀rọ̀ náà dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ará ìlú tí Funmilayo Ransome-Kuti àtàwọn ìyá ọlọ́jà ti mú ọba fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, mi ò lè kọ́ yín ní ìjà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa sùn nínú ilé yẹn lálẹ́ ni kí ẹ rò.

Háà, máíìkì! Irú tí wọ́n ń pè ní dynamic ni kí ẹ rà. Irú kejì, condenser, etí rẹ̀ ti mú jù, á gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò wá fún yín. Mixer oní-USB tó gba máíìkì méjì ti tó. Ẹ gbé fóòmù tí ẹ ń sùn lé ti ògiri, àdìrẹ ti fẹ́lẹ́ jù. Tí ẹ bá lọ rà á ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ mú earphone yín dání, kí ọ̀kan nínú yín fúnra rẹ̀ so ó pọ̀ níwájú oníṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó.