Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, ṣé ìbòmú ń dáàbò bo ará ìlú?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Nígbà àrùn kòrónà, wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹni tí ara rẹ̀ dá má wulẹ̀ lo ìbòmú, kò pẹ́ tí wọ́n tún sọ ọ́ di dandan. Àbúrò mi tó wà ní London wá ń sọ báyìí pé ìwádìí ti fi hàn pé ìbòmú kò wúlò rárá. Ìyá mi tó ti lé ní 70 ọdún ń gbé lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ mi sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ṣé kí n náwó lé ìbòmú lórí, àbí kí n fi owó mi ṣe nǹkan mìíràn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ìbéèrè yìí lọ́kàn tí wọn kò béèrè. Bí àrùn tó dé bá jẹ́ èyí tó ń ti inú èémí ràn, ìbòmú wúlò, owó tí ẹ bá sì ná lé e lórí kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kò tó bí àwọn kan ṣe rò, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré tó bí àbúrò yín ṣe sọ ọ́. Irú àrùn tó wà níta, irú ìbòmú tó wà lọ́wọ́ yín, ibi tí ẹ ti lò ó àti bí ẹ ṣe lò ó ni yóò sọ bó ṣe máa ràn yín lọ́wọ́ tó.

Ọ̀nà tí àrùn ń gbà ràn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Kòrónà àti ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní flu ń gba ẹnu àti imú jáde. Bí ẹni tó ní in bá ń sọ̀rọ̀, tó ń kọrin, tó ń wúkọ́ tàbí tó ń sín, itọ́ á fọ́n síta; àwọn ẹ̀kán tó tóbi á já sílẹ̀ kí wọ́n tó rìn jìnnà, àwọn tó kéré jù lọ á sì máa fò káàkiri nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ẹni náà ti jáde pàápàá. Irú àrùn wọ̀nyí ni ìbòmú ń bá jà. Ibà Lassa, tó ti da àwọn ará Ọ̀wọ̀ láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí itọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ni ó sábà máa ń gbà wọlé sí ènìyàn lára. Ébólà tó wọ Èkó ní oṣù Keje 2014 náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara aláìsàn tàbí òkú ló fi ń ràn. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bo ara rẹ̀ pátápátá, ìbòmú sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Lassa ló gbòde, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà yóò jèrè jù bí ẹ bá fi owó ìbòmú ra ike tó ní ìdérí tó ṣe dédé fún gaàrí àti ìrẹsì yín.

Àwọn kan máa ń sọ pé kòkòrò àrùn kéré ju ihò ara ìbòmú lọ, nítorí náà yóò gba ibẹ̀ kọjá. Lóòótọ́ ni ó kéré: tí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà 10,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kòkòrò kòrónà kan. Ṣùgbọ́n kì í dá rìn; inú itọ́ ló máa ń wà, itọ́ náà sì tóbi jù ú lọ. Lọ́nà kejì, ìbòmú kì í ṣe asẹ́ ògì tó jẹ́ pé ohun tó bá ti kéré ju ojú rẹ̀ lọ ti kọjá. Òwú rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn ní ìpele sí ìpele, tí ohun tó ń bá afẹ́fẹ́ bọ̀ á fi kọlu òwú níbi kan kó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìpele àárín ìbòmú ilé ìwòsàn tó dára àti ti N95, ìyẹn ìbòmú líle tí wọ́n ṣe láti lẹ̀ mọ́ ojú yíká, tún ní agbára iná mànàmáná díẹ̀ lára, èyí tó ń fa àwọn ohun kéékèèké mọ́ra. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe fọ irú wọn: omi àti ọṣẹ ń ba agbára yẹn jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Ní ti ìmọ̀ràn tó yí padà ní 2020, ohun méjì ló fà á. Èkíní ni pé ìbòmú wọ́n gógó káàkiri ayé, ẹ̀rù sì ń ba àwọn aláṣẹ pé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kò ní rí lò. Èkejì, tó ṣe pàtàkì jù, ni pé a kò tíì mọ̀ dájú pé ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le koko lè máa kó kòrónà ran ẹlòmíràn. Nígbà tó wá hàn pé ènìyàn lè ti máa fọ́n ọn káàkiri ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí kò sí bí a ṣe lè sọ pé kí ẹni tó ń ṣàìsàn nìkan bo imú nígbà tí aláìsàn gan-an kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Nàìjíríà sọ ìbòmú di dandan nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà tẹ̀lé e ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ aláṣẹ kò jókòó ṣàlàyé ìdí ìyípadà yìí fún ará ìlú, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Mo gbà pé ìwádìí tí Cochrane gbé jáde ní oṣù Kìíní 2023 ni àbúrò yín ń tọ́ka sí. Cochrane máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò. Nínú èyí tí wọ́n kó jọ lórí ìbòmú, ọ̀pọ̀ ló dá lórí flu, kì í ṣe kòrónà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lo ìbòmú ni kò sì lò ó bó ti yẹ. Olóòtú àgbà Cochrane fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún náà láti sọ pé ẹni tó bá fi ìwádìí yẹn sọ pé ìbòmú kò ṣiṣẹ́ ti ṣì í túmọ̀. Pé ẹ̀rí kò tíì fìdí múlẹ̀ àti pé nǹkan kò wúlò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwádìí méjì wá. Ní Denmark ní 2020, wọ́n fi nǹkan bí 6,000 ènìyàn ṣe ìwádìí. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní ìbòmú, 1.8 nínú 100 ló kó kòrónà, nínú àwọn yòókù, ó jẹ́ 2.1. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ó lè jẹ́ èèṣì. Ṣùgbọ́n ààbò ẹni tó wọ ìbòmú nìkan ni ìwádìí náà wò, kò wo ààbò àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì tó ìdajì wọn tó sọ pé àwọn lò ó gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí àwọn lò ó. Ti Bangladesh gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: 600 abúlé, ènìyàn tó lé ní 340,000. Wọ́n pín ìbòmú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdajì àwọn abúlé náà, wọ́n sì ń rọ àwọn ènìyàn láti lò ó, títí tí àwọn tó ń lò ó fi kúrò ní 13 nínú 100 tó di 42. Àìsàn kòrónà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹ rántí pé àwọn tó ń lò ó kò tó ìdajì ìlú. Ní àwọn abúlé tí wọ́n ti pín ìbòmú ilé ìwòsàn, àìsàn náà dín kù ní nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 láàrin àwọn tó ti lé ní 60 ọdún, àwọn ẹgbẹ́ ìyá yín gan-an. Ti aṣọ kò fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó owó lé ìbòmú àǹkárá onípele kan tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ẹ bá nà án síwájú iná tí ìmọ́lẹ̀ sì kọjá dáadáa, ààbò rẹ̀ kéré. Aṣọ gbọ́dọ̀ ní ìpele mẹ́ta kó tó yẹ. Ìbòmú ilé ìwòsàn dára jù ú lọ, N95 ló sì dára jù láàrin wọn, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú yíká, nítorí pé afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé fún ẹni tó ní irùngbọ̀n púpọ̀ tàbí tí kò tẹ irin orí imú mọ́lẹ̀. Èyí tó ní ihò ìmí tó dà bí bọ́tìnnì ńlá níwájú kò yẹ fún aláìsàn, torí ó ń jẹ́ kí èémí rẹ̀ jáde láìsẹ́. Bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní ìbòmú lẹ́nu ọ̀nà báńkì nígbà yẹn, tí ẹni tó ń jáde á bọ́ ọ fún ẹni tó fẹ́ wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láé.

Lọ́jà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ewu kò pọ̀ tó ti inú dánfó tó kún fọ́fọ́, yàrá ìdúró ní ilé ìwòsàn, tàbí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin pẹ̀lú fèrèsé títì. Àwọn ibi wọ̀nyí ni kí ẹ ti lò ó. Ẹ ra páálí ìbòmú ilé ìwòsàn kan sílé, kí ẹ sì ra N95 díẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò nílò ìbòmú, ẹ má sì fi í bo imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ nínú ilé, kí ó wọ ìbòmú, kí ó sùn sí yàrá ọ̀tọ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ìyá yín náà sì wọ tirẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà bá wà, ìyá ni kó kọ́kọ́ gbà á. Bí ó bá sì ṣòro fún wọn láti mí nínú ìbòmú, ẹ má fi dandan mú wọn. Ẹ̀yin tó yí wọn ká ni kí ẹ wọ̀ ọ́.