Bàbá wa kò ya wèrè, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ pe dókítà ọpọlọ sí wọn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 72 ni bàbá wa. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe wọ́n, wọ́n sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan ní Adó-Èkìtì. Dókítà pe àwa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò sí ìtọ́jú tó lè lé àìsàn náà lọ mọ́, pé kí ara kàn lè tù wọ́n ni àwọn ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí bàbá gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ògiri ni wọ́n máa ń kọjú sí. Tó bá di òru, wọ́n á máa pe ìyá wọn tó ti kú, wọ́n á máa já omi tí wọ́n fà sí wọn lára. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn á ránṣẹ́ pe dókítà ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa fárígá, ó ní bàbá òun kò ya wèrè. Kí ni ká ṣe? (Ọmọ obìnrin kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jẹ́ kí dókítà náà wá, ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀la. Ohun tí ẹ sọ nípa òru yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé inú ara ló ti wá, apá kan rẹ̀ sì ṣeé tọ́jú.

Aláìsàn tó dá ènìyàn mọ̀ lọ́sàn-án, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń dàrú lóru, ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun tó ń ṣe ara rẹ̀ ló ti gun ọpọlọ. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti máa yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́, ìdọ̀tí yẹn á bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, bí ìgbẹ́ bá sì tún há, ọ̀rọ̀ á burú sí i. Ibà, omi ara tó gbẹ, ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, àní oògùn ìrora tó pọ̀ jù, gbogbo wọn ló lè fa irú rẹ̀. Mo ti rí bàbá àgbà kan tó ń bá gbogbo wọ́ọ̀dù jà lóru. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi rọ́bà ìtọ̀ sí i, tí ìtọ̀ kún inú báàgì, ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí bàbá yàgbẹ́ kẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń tọ̀ dáadáa. Lóru, ẹ jẹ́ kí iná díẹ̀ wà ní títàn, kí ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa jókòó tì wọ́n, kó máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wọ́n lọ́wọ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì. Valium tí ẹlòmíràn ń lò tó ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ lè ṣe ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ ní jàǹbá.

Ti ìyá tí wọ́n ń pè, ìyẹn nìkan kò tó ohun tí à ń fún ènìyàn lóògùn sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti súnmọ́ ikú ló máa ń rí àwọn èèyàn rẹ̀ tó ti lọ, ó sì máa ń tù wọ́n nínú. Bí ojú bàbá bá fara balẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pè é, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìbẹ̀rù àti ìjàkadì ni kí ẹ tètè sọ fún wa.

Ọ̀rọ̀ ògiri tí wọ́n ń kọjú sí ló ṣòro jù fún àwa oníṣègùn. Aláìsàn tó ń pariwo, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ẹni tó dákẹ́, nọ́ọ̀sì á ní kò yọ àwọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ìsoríkọ́ lè ti mú un. Àìlèjẹun, àìsùn, rírù àti àárẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n lára ẹni tó lókun, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ nìkan ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ohun mìíràn la máa ń wá: ṣé inú wọn máa ń dùn rárá bí ọmọ-ọmọ wọn bá wọlé? Ṣé wọ́n ń sọ pé àwọn ò wúlò mọ́, pé ẹrù làwọn jẹ́ fún yín, pé Ọlọ́run ń fìyà jẹ àwọn? Àwọn àgbà wa pàápàá kì í sábà sọ pé ọkàn àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, àyà àwọn ń já, pé nǹkan kan ń rìn káàkiri ara àwọn. Ẹni tí kò mọ̀ á fún wọn ní parasitámọ́ọ̀lù, á sì kọjá lọ. Bí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ìrora la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó ń ní kí ikú tètè wá mú òun, nígbà tí mọ́fíìnì mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá ẹ̀kọ. Cicely Saunders, tó ṣí St Christopher's Hospice ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967, kọ́ gbogbo ayé pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan, ó tún kan ọkàn, ẹbí àti ẹ̀mí pẹ̀lú. Ìṣòro mìíràn ni àkókò. Oògùn ìsoríkọ́ máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ọjọ́ aláìsàn bá ti ku díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pe àwa dókítà ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí ẹbí bá ń dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí orúkọ tí à ń jẹ́.

Wọ́ọ̀dù náà kò ràn wá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀dì súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín, bí ó bá tilẹ̀ wà. Báwo ni àgbàlagbà ṣe máa jẹ́ kí ọmọ ọmọdé tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì gbọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun? Ẹ bá wa bẹ àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n fún wa ní ibi tó fara sin, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rí i nígbà tí dókítà pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì rí ojú yín nígbà tí ẹ padà dé. Mi ò gbà pé wọn ò fura. Ohun tí ẹ fi pamọ́ fún wọn kò gbé ẹ̀rù náà kúrò, bàbá nìkan ló kàn ń dá a gbé. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 pàápàá sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, àyàfi tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé yóò ṣe é ní ibi.

Èmi ò ní kí ẹ lọ kéde ikú fún wọn o. Ìbéèrè la fi ń bẹ̀rẹ̀: “Bàbá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò nípa àìsàn yìí?” Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ fún wọn láàyè. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ mọ̀, ó parí. Bí wọ́n bá bi yín pé, “Ṣé mo máa kú ni?”, ẹ má yára sọ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn nìyẹn. Ẹ kúkú bi wọ́n pé, “Kí ló ń dà yín láàmú jù nínú rẹ̀?” Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó máa jáde kì í ṣe ikú fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti oko kòkó tí wọn ò tíì pín, ti gbèsè kan, ti ọmọ tí wọn kì í bá sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí ti ẹni tó máa tọ́jú ìyá yín. Ẹ lè ṣe ìwọ̀nyí kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà máa wá gbàdúrà, ó ń ṣe wọ́n láǹfààní. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ní kí wọ́n dá oògùn dúró, kí wọ́n má sì sọ létí bàbá pé ìyàwó tàbí ará ilé kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ọsibítù tí ẹ wà kò bá ní dókítà ọpọlọ, kí dókítà yín bá ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé wọn ò ní gbé bàbá lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn náà ni dókítà máa jókòó sí. Kó kọ́kọ́ wá rí dókítà náà fúnra rẹ̀, kó béèrè gbogbo ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, kí àwọn méjèèjì tó jọ lọ bá bàbá.