Kí ni “ara kọ etí ikún sí ínsúlíìnì” túmọ̀ sí?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ara ọmọ ọdún 11 kan tó sanra jù “ti kọ etí ikún sí ínsúlíìnì”. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé àtọ̀gbẹ náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó lè já síbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ Yorùbá lò. Ẹni tó kọ etí ikún kì í ṣe adití: ó ń gbọ́, kò kàn dáhùn ni. (Ikún inú oko la ń wí o, kì í ṣe ikùn.) Bọ́rọ̀ ṣe rí nínú ara gan-an nìyẹn. Ínsúlíìnì, ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi darí ṣúgà, á kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì pé kí iṣan gba ṣúgà wọlé, kí ẹ̀dọ̀ sì dáwọ́ ṣúgà tó ń tú síta dúró. Wọ́n gbọ́ ìkànkùn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ já sọ́nà nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ta ló já a? Ọ̀rá ni. Ọ̀rá kì í ṣe ẹrù lásán, òun náà ń tú họ́mọ̀nù, ìyẹn ohun tí ara fi ń ránṣẹ́, sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́pútìnì, tí wọ́n ṣàwárí ní 1994, ló ń sọ fún ọpọlọ pé ohun tó wà nípamọ́ ti tó. Bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ lòun náà ń pọ̀, síbẹ̀ ọpọlọ ọmọ tó sanra jù a máa kọ etí ikún sí i. Nítorí náà, ẹ má fi òwe ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ọmọ wí; ebi ń pa á lóòótọ́. Ti adipọnẹ́kítìnì, họ́mọ̀nù mìíràn tí ọ̀rá ń tú, yàtọ̀. Òun ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ àti iṣan tètè jẹ́ ìpè ínsúlíìnì, àmọ́ bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ ló ń dín kù. Ọ̀rá tó yí ìfun ká ló burú jù: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á ya bò ó, ọ̀rá á sì máa jò lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan.

Ara á wá máa pariwo, ìyẹn ni pé á tú ínsúlíìnì tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń tan àwọn òbí jẹ nìyí, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wà lábẹ́ 100 mg/dL fún ọdún mélòó kan. Ìgbà tí ariwo bá rẹ̀ ẹ́ ni ṣúgà àárọ̀, láìjẹun fún wákàtí 8, á bọ́ sí 100 sí 125. Tó bá dé 126, tí àyẹ̀wò kejì sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ti dé. Ìbàlágà náà ń dá kún un: ara ọmọ tó tín-ín-rín pàápàá a máa kọ etí díẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ fi okùn wọn ìbàdí ọmọ. Kò yẹ kó ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ: 70 fún ẹni tó ga ní 140 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má febi pa á. Ó ṣì ń dàgbà, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan tó sì ń ga sí i, ó ti ń ṣe dáadáa. Ohun mímu aládùn ni kó kọ́kọ́ kúrò. Eré tó ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ló tún kàn, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń gba ṣúgà wọlé láìdúró de ìpè ínsúlíìnì.

Bí ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá rẹ̀ bá dúdú, tó nípọn bí ìdọ̀tí, ẹ yéé fi kànrìnkàn bó o. Ínsúlíìnì tó pọ̀ jù ló ń fà á. Bí ara bá ti ń jẹ́ ìpè padà, á máa ṣí díẹ̀díẹ̀.