Ìwé ìwọ̀n tí ilé ìwé fi rán ọmọ yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan lò

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè fèsì, torí ó gbé mi padà síbi tí mi ò fẹ́ dé mọ́. Ẹ ní ilé ìwé ọmọkùnrin yín ní Ìkẹ́rẹ́ wọn àwọn ọmọ, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan rán an wálé pé ó ti sanra jù, láìsí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ẹ wá ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọmọ tiẹ̀ kan ilé ìwé, àti bóyá kí ẹ lọ bá ọ̀gá wọn tàbí kí ẹ dákẹ́.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé wa rí, ní Adó níbí. Tiwa ò sọ pé ọmọ sanra jù, ó ní ó rù jù. Ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ṣe é, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin mi wà ní pírámárì kẹrin nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn òṣìṣẹ́ kan dé ilé ìwé wọn ní ọjọ́rú kan. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún òbí tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé síkéèlì kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri láti fi wọn gíga. Tíṣà kan ń pe nọ́ńbà sókè, òmíràn ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n pe ọmọ méjìlá jáde síwájú, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ò sanra tó, kí wọ́n gba ìwé lọ fún ìyá wọn. Kò sí àpòòwé. Gbayawu ni ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi délé, gbogbo ọmọ tí wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì ló kà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, "Pankẹ́rẹ́" ti di orúkọ rẹ̀ nílé ìwé.

Ohun tó wà nínú ìwé náà ni orúkọ rẹ̀, 26 kílò, 1.33 mítà, BMI (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo bóyá ìwọ̀n ara bá gíga mu) 14.7. Wọ́n wá fi bírò pupa kọ "severely underweight" sísàlẹ̀, ìyẹn ni pé ó rù kọjá ààlà. Orí ìdúró ni mo ti kà á lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ń wo ojú mi. Ó yẹ kí n fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé o kì í jẹ oúnjẹ tí mò ń dì fún ọ ni?" Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ń dùn mí ju ìwé náà lọ títí dòní.

Bàbá àwọn ọmọ dé lálẹ́, ó kà á, ó ní owó oúnjẹ tí òun ń gbé kalẹ̀ ń kọ́? Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìjerò. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ìyá ọkọ mi ti dé. Ó fi ìka méjì yí ọrùn ọwọ́ ọmọ ká, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé iṣu ti wọ́n ní Èkìtì ni?" Mi ò lè dáhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé ti ní ebi ń pa ọmọ mi, ta ló máa gba ẹnu mi gbọ́?

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ fìyà jẹ ọmọ. Ẹyin méjì láàárọ̀ kó tó jáde, mílíìkì nínú ògì, iyán ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò sì gbọdọ̀ dìde tí abọ́ ò bá tíì mọ́. Mo ṣì ń rí i: ó jókòó ti tábìlì, òkèlè kan ṣoṣo wà láàárín ìka rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, omijé ń kán sínú abọ́, èmi náà jókòó níwájú rẹ̀, mo le ojú kokoko. Ó wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń lọ bì í sẹ́yìn ilé tí ẹnì kan ò ní gbọ́.

Oṣù kan kọjá, kò fi kílò kan kún un. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà ní Ọjà Ọba ló mú mi lọ sí kẹ́míìsì kan. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ò béèrè ọjọ́ orí ọmọ. Ó bu hóró oògùn oríṣi méjì sínú ọ̀rá, ó ní kí n máa fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́, pé ọmọ á tàn. Ó sì tàn. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ojú rẹ̀ rí roboto, ó ń jẹun bí ẹni tó roko dé. Gbogbo èèyàn ń kí mi. Ìyá ọkọ mi pè mí lórí fóònù, ó ṣàdúrà fún mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tí ìwé ti dé. Tíṣà tó pè é jáde sọ fún mi lẹ́nu géètì pé, "Ẹ ò rí i, ìwé tí a kọ ti ṣiṣẹ́."

Ohun tí wọn ò rí ni pé ọmọ ń sùn ní kíláàsì. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ lóru, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀ orí ẹní tipẹ́tipẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúkú nípọn, ojú àti ikùn nìkan ló ń wú. Ní ọ̀sẹ̀ keje oògùn yẹn, mo gbé àbúrò rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, òun náà tẹ̀lé mi. Nọ́ọ̀sì ò tíì wo káàdì ọmọ ọwọ́, ojú ẹ̀gbọ́n ló ń wò. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ń fún ọmọ yìí lò?" Mo yọ ọ̀rá oògùn náà nínú báàgì. Ó wò ó, ó fà àga, ó jókòó.

Cyproheptadine ni ọ̀kan, oògùn ara yíyún tó máa ń mú oorun wá, tó sì máa ń mú kí oúnjẹ wu èèyàn jẹ. Dexamethasone ni èkejì. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ fi orúkọ kejì yẹn sọ́kàn. Oògùn gidi ni tí dókítà bá kọ ọ́ fún àìsàn tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó kó lè sanra, omi àti ọ̀rá ni yóò kó jọ sójú rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á máa gòkè, ìdàgbàsókè ọmọ á fà sẹ́yìn, ara á sì jáwọ́ nínú pípèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí n dá a dúró lójijì. Mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní tí a bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ lè ṣubú lulẹ̀, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá ló bá wa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí ojú rẹ̀ tó padà sípò. Mi ò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan náà ló tún wọn gíga rẹ̀. Ó ní kó bọ́ bàtà, ó wá wo orí rẹ̀, ó bi mí pé, "Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n nílé ìwé, irun wo ló dì?" Ṣùkú ni. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú fóònù mi, torí ọ̀sẹ̀ yẹn la ṣe ìkómọjáde àbúrò rẹ̀: ṣùkú gogoro tó dúró ṣánṣán láàárín orí. Orí irun ni wọ́n fi rúlà lé. Ọmọ tí wọ́n pè ní 1.33, 1.28 péré ló ga. Ẹ gbé 26 kílò, ẹ fi gíga pín in, ohun tó bá jáde, ẹ tún fi gíga kan náà pín in, BMI nìyẹn. Pẹ̀lú 1.28, 15.9 ló jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé 14.7 tiwọn gan-an, tòun ti irun lórí, kò burú fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Tábìlì àgbàlagbà, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tí a fi ń wo BMI àgbàlagbà, ni wọ́n lò. Àgbàlagbà tí tirẹ̀ ò bá tó 18.5 ni a ń sọ pé ó rù jù. Ti ọmọdé ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ la máa ń wò, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé tábìlì àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 jáde láti ọdún 2007. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án tó wà láàárín gbùngbùn ní 16.1, àfi tí tirẹ̀ bá wálẹ̀ ju 13.1 ni a tó lè ní ó rù jù. Ọ̀fẹ́ ni tábìlì yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní kọ̀ǹpútà ló gbé èsì jáde. Mo lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó wá wọ̀n wọ́n, wọ́n ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó fún àwọn nìyẹn, kí n padà wá ní Tọ́sìdeè. Mo padà lọ, wọ́n tún ní Tọ́sìdeè. Mi ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n kọ ìwé mìíràn sí òbí àwọn ọmọ mọ́kànlá tó kù, torí tábìlì kan náà ni wọ́n fi wọn gbogbo wọn. Wọn ò kọ ọ́. Mo wá ìyá mẹ́rin rí fúnra mi. Ọ̀kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó fèsì ṣáájú mi ní ká má ṣàròyé, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é. Láti ọdún ilé ìwé 2005 sí 2006 ni wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5 àti ọdún 10 sí 11 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ sí òbí ṣáájú, òbí lè ní òun ò fẹ́, wọn kì í sì í sọ èsì fún ọmọ tàbí fún tíṣà. Ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ dòfin ní 2003. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìwádìí ní ilé ìwé 79 ní California, èsì rẹ̀ jáde ní 2020: ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òbí ò yí ìwọ̀n àwọn ọmọ náà padà, ara àwọn tí wọ́n ń wọ̀n nílé ìwé kàn túbọ̀ ń sú wọn sí i ni. Ká má kàn mú síkéèlì nìkan nínú ohun tí wọ́n ń ṣe.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ilé ìwé má sọ fún òbí rárá. Àwa níbí, tí ọmọ bá sanra, a máa ń ní ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò ní mọ̀ nígbà tó bá ti kọjá ààlà. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n bá rí nǹkan lára ọmọ mi, mo fẹ́ gbọ́. Kó pè mí, kó sọ nọ́ńbà méjèèjì fún mi, kó fi tábìlì ọmọdé hàn mí, kó sọ ibi tí mo lè gbé e lọ. Kó má gba ọwọ́ ọmọ, kó má sì jẹ́ níwájú kíláàsì. Ilé ìwé tí kò bá lè ṣe èyí, kó fi síkéèlì rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin yín, ẹ kọ́kọ́ tún un wọ̀n, láìsí bàtà, láìsí báàgì. Nínú tábìlì kan náà, ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá tí tirẹ̀ bá kọjá 18.5 la máa ń sọ pé ó ti ń sanra jù, tó bá kọjá 21.4, ó ti pọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ wò ó, 18.5 yẹn kan náà tí a fi ń sọ pé àgbàlagbà rù. Ẹni tó bá lo tábìlì àgbàlagbà fún ọmọ yín lè ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é nígbà tí nǹkan wà. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ má febi pa á. Ó ṣì ń ga. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí kílò rẹ̀ bá dúró sójú kan bó ṣe ń ga, ara rẹ̀ á bá a mu. Ẹ yọ mínírà àti bísíkíìtì kúrò lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó máa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ dípò fóònù, kí gbogbo ilé sì jọ jẹ oúnjẹ kan náà, kó má ṣe é bí ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé, ẹ má gbé e súnmọ́ ọn. Ewé sẹ́nà tó ń mú kí èèyàn máa yàgbẹ́ ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé pè é ní orobo, kódà bí wọ́n bá ń fi ṣeré.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ lọ bá ọ̀gá wọn. Ẹ lọ, ní Mọ́ńdè. Ẹ má bá a jà, ẹ béèrè kílò rẹ̀, gíga rẹ̀ àti tábìlì tí wọ́n lò, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó tún gbọ́ èsì náà yàtọ̀ sí yín. Tí ẹ bá ti gbà á, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ síbí. Tábìlì yẹn wà lọ́wọ́ mi, màá bá yín wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà.